Ọgbẹ́ Ẹ̀yìn Màlúù Omi

Bàbá Alábẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n mi, ṣùgbọ́n kò ta abẹ̀bẹ̀ tí ń fẹ́ni lójú rí láyé rẹ̀. Irin tí ń yí nídìí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, èyí tí ń ti ọkọ̀ síwájú, ni àwọn atukọ̀ wa ń pè ní abẹ̀bẹ̀. Bó bá kọ lu òkúta tó ká kò, tàbí tí apá rẹ̀ kan kán, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n ń gbé e wá. Àwọn aláwàdà a máa bi í pé, "Bàbá, abẹ̀bẹ̀ kún àgọ́ yín báyìí, kí ló dé tí òógùn fi ń bò yín?" Òun náà á ní, "Ẹ ti rí i kí ẹni tó ń rán bàtà wọ bàtà tó dáa rí?"

Àgọ́ kan náà la ti ń ṣiṣẹ́ lẹ́bàá èbúté. Èmi ń kan pákó ọkọ̀, òun ń tún irin ṣe. Ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú fún òróró. Ó to àwọn òòlù rẹ̀ kọ́ sára ògiri, láti orí èyí tó kéré bí ìka dórí èyí tí ọwọ́ méjì ń gbé. Kì í yá ẹnikẹ́ni ní òòlù, kì í sì í parọ́. Gbogbo èbúté ló mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń yìn ín. Ṣùgbọ́n ẹni tí kì í parọ́, tí òtítọ́ kò tíì gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ rí, a ò tíì mọ irú ẹni tó jẹ́.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún un, obìnrin. Ìyá ọmọ náà kú nígbà tó ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ló sì tọ́ ọ dàgbà láàárín ariwo òòlù. Nígbà tó tó ilé ọkọ, atukọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Kíá ló fẹ́. Orúkọ náà kò nílò àlàyé: ọkọ̀ tirẹ̀ ló ń kọ́kọ́ dé. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni lórí ilẹ̀. Ó máa ń dọ̀bálẹ̀ kí wa débi pé èkuru á bò ó láyà. Tó bá ti wọ ojú omi, nǹkan mìíràn á gùn ún. Ọkọ̀ kan péré lòun àtìyàwó rẹ̀ ní, òun ni wọ́n sì fi ń bọ́ àwọn ọmọ wọn.

Ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà dé òdìkejì adágún wa gba àárín koríko omi kan kọjá. Ibẹ̀ kò jìn; tí èèyàn bá dúró síbẹ̀, omi á mù ún dé àyà. Inú koríko yẹn ni ẹja ń yé sí. Orí rẹ̀ ni ẹyẹ ń kọ́ ìtẹ́ sí. Ibẹ̀ náà ni ẹranko ńlá kan ti máa ń wá jẹ̀, tí àwa ń pè ní màlúù omi nítorí pé koríko nìkan ni oúnjẹ rẹ̀. Ó tóbi ju ọkùnrin mẹ́ta lọ, kò sì bu ẹnikẹ́ni jẹ rí.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì pọ̀ lójú omi, ibẹ̀ bàjẹ́. Ìgbì ọkọ̀ ń gbé ìtẹ́ ẹyẹ lọ tòun tẹyin. Abẹ̀bẹ̀ ń hú koríko tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ẹrẹ̀ ń dìde, ó sì ń bo ẹyin ẹja mọ́lẹ̀. Epo ń tàn lójú omi bí òṣùmàrè. Àwọn apẹja á ju àwọ̀n, wọ́n á fa ewé jíjẹrà jáde. Ìjà dé láàárín àwọn àti atukọ̀, àwọn kan fara gbọgbẹ́, kí wọ́n tó fẹnu kò sí òfin kan. Wọ́n ri òpó funfun mọ́lẹ̀ níbi tí koríko ti bẹ̀rẹ̀ àti níbi tó parí sí. Láti ìgbà tí omi bá kún títí di ìgbà tó bá fà, atukọ̀ tó bá dé òpó gbọ́dọ̀ gbé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sókè, kó fi ọ̀pá ti ọkọ̀ kọjá.

Ọ̀pá ń pẹ́, èrò ọkọ̀ sì ń kùn. Díẹ̀díẹ̀ làwọn atukọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹ́ńjìnnì ní ìlàjì. Wọ́n á dà á síwájú díẹ̀ kí abẹ̀bẹ̀ lè kúrò nísàlẹ̀, á wá máa yí lábẹ́ ojú omi gan-an. Kò hú koríko, kò ru ẹrẹ̀. Lójú tiwọn, wọ́n ti pa òfin mọ́. Gbígbé ni òfin wí, gbígbé ni wọ́n sì gbé e. Kò sẹ́ni tó rò ó pé màlúù omi kì í mí nísàlẹ̀. Bí èmi àti ìwọ ló ṣe ń mí. Ó gbọ́dọ̀ gòkè wá yọ imú.

Òwúrọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, a dé èbúté, a bá èrò tó ṣù bo etídò. Màlúù omi kan ti léfòó wá síbẹ̀, ó ti kú. Ìyá Àwọ̀n, obìnrin arúgbó tó jẹ́ olórí àwọn apẹja, kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó fọwọ́ tẹ abẹ́ apá ẹranko náà, wàrà sì yọ.

"Ẹ rí i," ó ní. "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Ọmọ rẹ̀ wà nínú koríko níbì kan, ó ń wá ọmú kiri."

Ọgbẹ́ wà lẹ́yìn ẹranko náà láti èjìká dé ìdí, ó tò tẹ̀ lé ara wọn bí ìgbà tí wọ́n gé búrẹ́dì. Ẹ̀gbọ́n mi lóṣòó tì í. Ó ki ìka bọ inú ọgbẹ́ kìíní, ó ki í bọ ìkejì, ó ki í bọ ìkẹta. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó ní òun ń lọ jẹun. Kì í jẹun ní òwúrọ̀. Mo tẹ̀ lé e.

Ó jókòó sórí àpótí rẹ̀ nínú àgọ́, kò fọwọ́ kan nǹkan kan.

"Ìwọ náà rí i?" ó bi mí.

"Kí ni mo rí?"

"Méjì jìn, ẹ̀kẹta ò jìn. Méjì jìn, ẹ̀kẹta ò jìn. Bó ṣe lọ dé ìdí nìyẹn. Ẹ̀kẹta yẹn sì fa ẹran ya lẹ́nu, bí ìgbà tí ìkọ́ bá gbé e."

Ibẹ̀ ló ti yé mi. Nígbà tí omi fà kẹ́yìn, apá kan kán lára abẹ̀bẹ̀ Kíá. Irin tó wà nílé kò tó, ẹ̀gbọ́n mi sì jó èyí tó rí mọ́ ọn. Apá náà kúrú ju méjì yòókù lọ, ẹnu rẹ̀ sì tẹ̀ díẹ̀. Ó ti sọ fún Kíá pé kó gbé e padà wá kí òun tún un ṣe dáadáa. Kíá ò ráyè.

"Ó lè jẹ́ abẹ̀bẹ̀ mìíràn," mo ní.

"Ta ló ṣe é?"

Kò sẹ́lòmíràn tó ń ṣe é ní gbogbo etí adágún wa.

A ò tíì sọ̀rọ̀ mìíràn tí alága àwọn atukọ̀ fi wọlé. Ọkùnrin gbọọrọ tí ohùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ni, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ńṣe ló rọra ń sọ̀rọ̀.

"Bàbá, nǹkan ń gbóná níta. Ìyá Àwọ̀n ní tóòrùn bá fi yẹ̀ tí òun ò bá tíì mọ ẹni tó ṣe é, àwọn á fi gẹdú dí ẹnu òpó, ọkọ̀ kankan ò ní kọjá mọ́. Àwọn ọmọ wa ní táwọn bá débẹ̀ táwọn bá gẹdú, àwọn á gbà á kọjá ni. Wọ́n ti ń kó àdá sínú ọkọ̀."

"Kí lẹ wá fẹ́ kí n ṣe?"

"Ẹ̀yin náà kọ́ ni wọ́n ní kẹ́ ẹ wá wò ó? Àwọn apẹja gbà, àwa náà gbà. Ohun tẹ́ ẹ bá ti sọ, abẹ gé e. Tẹ́ ẹ bá ní kì í ṣe abẹ̀bẹ̀ wa, pé ibòmíràn ni omi ti gbé e wá, kálukú á gba ilé ẹ̀ lọ." Ó yíjú sẹ́nu ọ̀nà. "N ò ní kẹ́ ẹ parọ́ o."

"Mo gbọ́," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Alága lọ. Mo ń rò ó pé irọ́ kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ bíi mẹ́rin lẹ́nu ẹni tí gbogbo ayé gbà gbọ́, lè dá àdá padà sílé. Mo sì ti ń kọ́ni nílé ìsìn láti ìgbà pípẹ́ pé òtítọ́ kì í pani. Mi ò mọ̀ lọ́jọ́ yẹn bóyá mo gbà á gbọ́.

Ẹ̀yìn àgọ́ ni Kíá gbà wọlé. Kò dọ̀bálẹ̀. Aṣọ ló fi wé abẹ̀bẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀, ó há a mọ́ abíyá.

"Bàbá, ẹ bá mi fi irin kún un," ó ní. "Iṣẹ́ kékeré ni. Ẹ ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé kí n gbé e wá."

Ẹ̀gbọ́n mi gbà á, ó tú aṣọ lára rẹ̀. "Ṣé o mọ ohun tó ṣe?"

"Mo mọ̀ pé nǹkan gbá wa nínú koríko nírọ̀lẹ́ àná. Atẹ́gùn ti dìde, àwọn ọmọdé wà nínú ọkọ̀, ẹ̀rù ń ba àwọn ìyá wọn. Mo rò pé igi ni."

"O ò wẹ̀yìn?"

Kíá wolẹ̀. "Mo wẹ̀yìn. Omi pọ́n. Mo tún rò pé igi ni."

"Igi tí ń ṣẹ̀jẹ̀."

"Bàbá, mo gbé ẹ́ńjìnnì o. Mo gbé e bí gbogbo wa ṣe ń gbé e, ní ìlàjì. Ẹ lọ bi ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ó kàn ṣe kòńgẹ́ tèmi ni."

Òótọ́ ló sọ níbẹ̀ yẹn, òótọ́ náà sì ló mú kó nira. Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó fi ẹ̀mú gbá abẹ̀bẹ̀ náà mú, ó tan iná ìjórin. Iná náà ń sú fìì. Ó gbé irin súnmọ́ ọn títí ẹnu apá kúkúrú yẹn fi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Kíá mí kanlẹ̀. Èmi la ẹnu láti gbàdúrà, ọ̀rọ̀ ò jáde, torí mo mọ ohun tí mo fẹ́. Mo fẹ́ kó ṣe é. Ọlọ́run tó ń wò wá níbẹ̀ mọ̀ pé mo fẹ́ kó ṣe é.

Ẹ̀gbọ́n mi pa iná. Ó ki irin náà bọ omi, ó sì pariwo ṣììì.

"Irin yìí ò mọ irọ́ pa," ó ní. "Kí ló dé tí n óò fi kọ́ ọ?" Ó nà án sí Kíá. "Lọ sọ ọ́ fúnra rẹ. Tó bá ti ẹnu rẹ jáde kí n tó débẹ̀, ojú tí wọ́n á fi wò ọ́ á yàtọ̀."

"Wọ́n á pa mí, Bàbá."

"N óò dúró tì ọ́."

Kíá gba abẹ̀bẹ̀ náà, ó jáde láìdáhùn. A gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí pákó èbúté, ó ń lọ sápá ibi tí omi ti jìn. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ́tí. N kò bi í léèrè ohun tó ń retí láti gbọ́. Èmi náà ń retí ìró kan náà: kí nǹkan wúwo já bọ́ sómi.

Kí a tó gbọ́ nǹkan kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ìyàwó Kíá, ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti sáré débẹ̀, gèlè rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá kékeré, ẹ kú iṣẹ́," ó kí mi, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára bàbá rẹ̀. "Bàbá, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ máa wò ó."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ sọ pé ẹ ò ríran dáadáa mọ́. Àgbà ni yín, kò sẹ́ni tó máa bá yín jà."

"Mo ríran, ọmọ mi."

"Kí lẹ fẹ́ fi rírí yẹn ṣe? Ẹranko ti kú. Ṣé tí ebi bá pa àwọn ọmọ mi, á jí?"

Títí di báyìí, n kò tíì rí èsì ìbéèrè yẹn.

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kí n dúró ti ọkọ mi," ó ní. "Mo dúró tì í. Tẹ́ ẹ bá dárúkọ rẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹ má pè mí lọ́mọ mọ́."

Ó wé gèlè rẹ̀ níbẹ̀, ó fà á kó le, ó sì lọ.

Nígbà tóòrùn yẹ̀, àwọn apẹja wà lápá ọ̀tún òkú ẹranko náà pẹ̀lú àjẹ̀ ọkọ̀ lọ́wọ́, àwọn atukọ̀ wà lápá òsì. Àwọn kan nínú wọn tọ́jú ọwọ́ ọ̀tún sẹ́yìn. Kíá wà láàárín wọn, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Ìyàwó rẹ̀ dúró tì í.

"Bàbá Alábẹ̀bẹ̀," ni alága wí, "ṣé abẹ̀bẹ̀ tiwa ni, àbí kì í ṣe tiwa?"

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí àwọn atukọ̀. "Mo fẹ́ kí ẹni tó mọ̀ sọ̀rọ̀ ṣáájú mi," ó ní.

Omi ń lá etídò. Kíá gbójú sókè, ó gbé e sílẹ̀. Mo ń sọ nínú mi pé sọ ọ́, sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi dúró dè é débi pé àwọn èèyàn ti ń wo ara wọn lójú.

"Ó ti tó," ni Ìyá Àwọ̀n wí. "Ẹ gbé gẹdú."

"Abẹ̀bẹ̀ tiwa ni," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Ti ta ni?"

"Ti àna mi. Ọwọ́ mi yìí ló ṣe apá rẹ̀ tó kúrú. Ẹ wá wo ibi tí kò ti jìn."

Ariwo sọ. Apẹja kan fò dìde sí Kíá pẹ̀lú àjẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi sì bọ́ sáàárín wọn. Àjẹ̀ náà bà á léjìká. Kò ṣubú. Ó na ọwọ́ kejì sókè.

"Ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi. Ẹ̀yin atukọ̀, ẹni tí kì í gbé ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ ní ìlàjì nínú koríko, kó na ọwọ́."

Kò sí ọwọ́ kan tó gòkè. Àwọn tó fọwọ́ sẹ́yìn ò gbé e síwájú. Alága ń wo bàtà rẹ̀.

"Nígbà tí ẹ ń gbé e ní ìlàjì, ẹ rò pé ẹ ti yọ ẹran omi nínú ewu," ó ní. "Ibi tí èyí ti ń wá mí lẹ gbé ọ̀bẹ sí. Ọ̀rọ̀ ìgbé-sókè ti tán. Pípa ni kí wọ́n máa pa ẹ́ńjìnnì láti òpó dé òpó."

Nígbà náà ni Kíá sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré. "Èmi ni. Mo rò pé igi ni." Ìyàwó rẹ̀ bojú.

Ìyá Àwọ̀n wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló dájọ́: pípa ẹ́ńjìnnì fún gbogbo ọkọ̀, ọkọ̀ Kíá á gun òkè, kò sì ní kan omi títí omi á fi fà. "Tí ẹlòmíràn bá tún ṣe é," ó ní, "n ò ní pe Alábẹ̀bẹ̀. Àdá yín kọ́ ni àdá kan ṣoṣo."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, a fi ọkọ̀ tí wọ́n ń fi ọ̀pá tì wọnú koríko láti wá ọmọ ẹranko náà. Kíá wà nínú ọkọ̀ àwọn apẹja, kò sẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Mo gbàdúrà lóòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Mo bẹ Ọlọ́run pé kí a rí i láàyè. Mo rò pé nǹkan kékeré ni lọ́wọ́ Rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ẹnì kan ti sanwó òtítọ́ lọ́jọ́ yẹn. A ò rí i. Mo ṣì ń lọ sílé ìsìn, mo ṣì ń kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ibì kan wà nínú àdúrà mi tí mo máa ń dé báyìí, tí mo kàn máa ń dákẹ́ síbẹ̀. N kò tíì kúrò lórí eékún mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Kíá àtìyàwó rẹ̀ ń fa ọkọ̀ wọn gòkè. Èèyàn mẹ́fà ló máa ń fà á. Àwọn atukọ̀ jókòó sórí pákó, wọ́n ń wò wọ́n. Lójú tiwọn, àwọn méjèèjì yìí ló fi ọ̀pá lé wọn lọ́wọ́. Ẹnì kan tiẹ̀ ní, "Kíá ti di Jẹ́jẹ́," àwọn tó kù sì rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ náà ò sún.

Ẹ̀gbọ́n mi sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Èjìká rẹ̀ ti wú. Ó fọwọ́ kan ṣoṣo di okùn mú lẹ́yìn ọmọ rẹ̀.

"Ta ló pè yín?" ọmọ náà bi í láìbojú wẹ̀yìn.

"Kò sẹ́ni tó pè mí."

"Ẹ máa lọ."

Kò lọ. Obìnrin náà dúró, okùn lọ́wọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ le bí pákó.

Lápá ọ̀hún ọkọ̀ ni Kíá ti sọ̀rọ̀. "Jẹ́ kí wọ́n dì í mú," ó ní. "Àwa méjì ò lè dá a gbé."

Ọmọ náà kò pè é ní Bàbá. Kò sì yọ okùn kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kàn tẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fà, bàbá rẹ̀ sì fà lẹ́yìn rẹ̀. Mo ju òòlù tó wà lọ́wọ́ mi sílẹ̀, mo bọ́ sínú ẹrẹ̀, mo di ìdí okùn mú. Ọkọ̀ náà sún díẹ̀, ó dúró. A tún fà á.